Ṣíṣe iṣẹ́ ìjọba láti ilé: kí ni èrò yín?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹgbẹ́ mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú wa. Ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà ni, ọkọ̀ sì máa ń dí lójú ọ̀nà débi pé ó ti rẹ̀ mí kí n tó jókòó. Ìwé kíkọ àti ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, mo ṣe apá kan nínú rẹ̀ láti ilé, ìwé kankan kò sì pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé ó yẹ kí a béèrè fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, àbí ìrọ̀rùn ara mi nìkan ni mò ń wá?

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìbí ni èmi wà. Lóòótọ́, ìjọba ti gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sórí service-public.bj, ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 2020, síbẹ̀ ìyá arúgbó tó ti abúlé wá, tí kò lè ka Faransé, ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ló ń wá. Bí kò bá bá mi, owó zémidjan (ọ̀kadà) rẹ̀ ti wọ igbó.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ohun tó ká mi lára jù ni ilé fúnra rẹ̀. Nínú agboolé wa, kò sí ẹni tó gbà pé ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wà nílé ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Bí ìyá ọkọ mi bá wọlé, mi ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró kí n parí ìwé ọ̀gá. Mo ní láti kúnlẹ̀ kí wọn, kí n wá ohun tí wọn yóò jẹ, kí n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá, nígbà tí mo bá sì padà dé ìdí iṣẹ́, iná ti lè lọ. Owó íntánẹ́ẹ̀tì àti epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Àpò tèmi ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kò lé. Mo fẹ́ kí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ owó náà mọ́ ọn.

Ọ̀kan ṣì kù. Òfin 2017-20, òfin Benin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ará ìlú. Fáìlì tí orúkọ àti owó oṣù ènìyàn wà nínú rẹ̀ kò yẹ lórí tábìlì pálọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. N kò ronú dé ọ̀rọ̀ fáìlì rárá. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni màá kọ sínú ìwé tí mo fẹ́ fún ọ̀gá mi, fún ìròyìn iṣẹ́ tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, màá sì kọ owó íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.