Ẹ bá mi wá ìwé ìfẹ́ tó ní àkúdàáyà nínú fún ọmọ ọdún 15

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Àbúrò mi obìnrin ti ka ìwé Twilight mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìtàn ìfẹ́ ọmọbìnrin kan àti amùjẹ̀, tó jáde láàárín ọdún 2005 sí 2008, ní àkàtúnkà. Ẹ̀yìn èyí àkọ́kọ́ ti já, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn amùjẹ̀ ti sú òun; ọmọkùnrin tó ti kú, tó wá ń fara han olólùfẹ́ rẹ̀, lòun ń fẹ́ báyìí. Èwo lẹ mọ̀? Kó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, kó sì parí síbẹ̀, torí ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ "ó di apá kejì". Kó bani lẹ́rù kò burú, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì má sí níbẹ̀. Kí ọmọbìnrin inú rẹ̀ sì gbọ́n díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!