Ẹ gbà mí o: mysqlclient wọlé lórí Windows, ó kọ̀ jálẹ̀ lórí Mac

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú Python. Django (irinṣẹ́ Python fún kíkọ wẹ́ẹ̀bù) la fi ń kọ iṣẹ́ kan, àwa mẹ́ta, MySQL sì ni dátábéèsì rẹ̀. Lórí Windows tèmi, pip install mysqlclient, tí a fi ń gbé mysqlclient tó ń so Python mọ́ MySQL wọlé, kò yọ mí lẹ́nu rárá. Wheel, ìyẹn èyí tí wọ́n ti kọ́ parí tó ti wà ní sẹpẹ́, ló gbé wọlé.

Ubuntu 24.04 ti ẹnì kejì wa ló kọ́kọ́ fárígá: "error: externally-managed-environment", ìyẹn ni pé Ubuntu kò gbà kí pip fi nǹkan sínú Python tirẹ̀. Ó ṣe venv (àyè Python tó dá dúró fún iṣẹ́ kan), ìyẹn lọ. Ni òmíràn bá tún yọjú: "Can not find valid pkg-config name" (pkg-config ni irinṣẹ́ tó ń wá ibi tí àwọn láíbúrárì wà). Ìgbà tó fi apt gbé pkg-config, python3-dev àti default-libmysqlclient-dev sí i lara tó rọ̀ ọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ --break-system-packages, tó ń fipá kọjá ìdíwọ́ Ubuntu yẹn, fún mi o.)

Mac ló wá kù. Àbúrò wa tó ni ín ti fi brew (ètò tó ń gbé sọ́fútíwíà wọlé lórí Mac) ṣe brew install mysql-client pkg-config, inú venv ló sì wà, síbẹ̀ ohun kan náà ni pip ń wí. Mo fura pé torí brew kì í so mysql-client mọ́ àwọn fódà tí gbogbo ètò ń wò ni pkg-config kò fi rí i. Ṣé PKG_CONFIG_PATH, tó ń sọ fódà tí pkg-config yóò wò, ló yẹ kó tún ṣe? Fódà wo gan-an ni kó tọ́ka sí, nígbà tó jẹ́ pé Mac tó ní chip M1 ti Apple ni? Àbí ká kúkú lọ lo PyMySQL, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà àmọ́ tí Python nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, tí kò nílò gbogbo wàhálà yìí? Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni pé ó lè máa falẹ̀. Ẹni tó bá ti bá a pàdé rí, ẹ bá wa dá sí i.