Ọ̀pá tí màámi fi ń jí bàbá mi

Ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ kan bàbá mi lójú oorun nínú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí àlejò bá dé, tí ó sì di dandan kí a jí wọn, màámi á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, wọn á fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe oríkì ọkọ wọn, "Àjàní, Àjàní o." Bí bàbá kò bá dáhùn, màámi á fi ọ̀pá gígùn tí a fi ń ká ìbẹ́pẹ tọ́ wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọn á sì tètè sún sẹ́yìn. Ọ̀pá náà kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo gbàgbé òfin yìí. Mo gba ipò kìn-ín-ní ní ilé-ìwé, mo sáré wọlé láti fi káàdì mi hàn wọ́n, mo sì gbé ọwọ́ lé wọn léjìká. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri. Ojú wọn là sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí mi. Igbe màámi ló mú kí wọ́n jáwọ́. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, wọn kò sì fi nǹkan kan ẹnu ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, wọn kò gbé mi lé ẹsẹ̀ mọ́, èmi náà sì gbà lọ́kàn mi pé wọ́n kórìíra mi.

Ẹ̀ka ọmọ ogun Third Marine Commando, tí Benjamin Adékúnlé, ọmọ ìlú wa, kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni bàbá mi wà nígbà ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, tó sì parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Wọ́n wà lára àwọn tí ọmọ ogun Bìáfírà ká mọ́ ìlú Owerri fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n tó rí ọ̀nà jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, òmíràn a sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ká wọn mọ́. N kò gbàgbé pé ìyà tó jẹ àwọn ọmọdé Bìáfírà tí ebi pa kú ju èyí lọ. Bàbá mi kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún wa. Ẹnìkan tí wọ́n jọ jagun ló sọ ọ́ fún mi níbi ìsìnkú wọn, ìgbà náà ni mo tó mọ ìdí tí agolo gàrí mẹ́ta fi ń wà lábẹ́ ibùsùn wọn, tí wọ́n máa ń ṣí wò ní alaalẹ́, àti ìdí tí wọ́n fi sunkún, ẹkún gidi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi da ìrẹsì tó ṣẹ́kù nínú àwo nù.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, màámi á gbé àkàrà dání, wọn á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn á bẹ àwọn ìyá àdúgbò kí ọmọ wọn má yin báńgà nítòsí ilé wa. Àwa ọmọ ní ọ̀rọ̀ tiwa: bí ọ̀kan bá ti sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "ogun ti dé," oníkálukú á fọ́n ká. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe bàbá mi, ìpayà tí kì í tán lára ẹni tó ti rí ogun, tí wọ́n ń pè ní PTSD, sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí àwọn tó jagun Vietnam ti ké tantan.

Wọ́n gbààwẹ̀ fún bàbá lórí òkè. Wọ́n ní òkú ogun ló ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá dábàá ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, màámi yarí: ta ni yóò fẹ́ ọmọ ẹni tí a gbé lọ Àrò? Ó ń dùn mí títí dòní, nítorí ètò tí Dókítà Adéoyè Lámbò gbé kalẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1954 ni pé kí aláìsàn máa gba ìtọ́jú láti abúlé ìtòsí, kí ìbátan rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bóyá màámi ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo ṣì máa ń fọwọ́ kàn bí mo bá fẹ́ jí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ojú ogun Borno dé lọ́dún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ sì pè mí lóru, ó ń gbọ̀n, ó ní, "Ẹ̀yin Màámi, mo kàn tún aṣọ bò ó ni." Mo ní kí ó máa pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ bá wọn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ rí dókítà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun mójú tó ọmọ.