Okùn káìtì ńlá tó ń já, àti bí a ṣe ń so okùn ìtúsílẹ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè mi pín sí.

Káìtì olókùn mẹ́rin ni mò ń lò, aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò, 3 m², háńdù méjì ló ní, kò ní ọ̀pá. Dyneema, ìyẹn fọ́nrán oníke tó lágbára gan-an, ni wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀, mítà 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 150 kílò ni wọ́n kọ sí ara ti iwájú, 80 kílò sì ni ti bírèkì, ìyẹn okùn méjì tó di etí ẹ̀yìn káìtì mú. Okùn iwájú ti ọwọ́ òsì já nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá a lójijì. Ibi tó ti já kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ sí kókó tó so ó mọ́ háńdù. Mo ti ta kókó mìíràn sí i, àmọ́ káìtì ọ̀hún ń yí sí apá òsì báyìí, kò dúró ṣánṣán mọ́.

Èkejì: mo fẹ́ fi háànẹ́sì, ìgbànú tó ń gba ìfà káìtì, kún un kí apá má baà máa ro mí. Ẹnìkan ní kí n ra karabíná, ìkọ́ irin, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́, kí n fi kọ́ ọ mọ́ ìgbànú. Ẹlòmíràn ní kí n fi okùn tí kò lágbára síwájú, pé bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, yóò já fúnra rẹ̀, n ó sì bọ́. Èwo ló tọ́ nínú méjèèjì? Pápá gbalasa kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo la ti ń gbé e fò.

Afẹ́fẹ́ Ọyẹ́:
Àbúrò, má tíì gbé e sókè o. Kókó tuntun tí o ta yẹn ti mú okùn òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ìdí nìyẹn tí káìtì fi ń fà sí òsì. Okùn tó bá sì kúrú ni ẹrù máa ń pọ̀ sí lọ́rùn. Bí o bá ta kókó lásán sí Dyneema láìfi nǹkan bò ó, agbára rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Èyí tí wọ́n kọ 150 kílò sí, 75 ni kí o kà á sí. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ fúnra rẹ wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé Dyneema lágbára gan-an bí a bá fà á gbọọrọ, àmọ́ kò fẹ́ ká ṣẹ́ ẹ ní igun. Níbi tí kókó bá ti ṣẹ́ ẹ, fọ́nrán tó wà lẹ́yìn igun nìkan ló ń ru ẹrù, tinú ń sinmi. Ó tún ń yọ̀ púpọ̀. Bó bá ti ń yọ̀ nínú kókó, ó ń gbóná, kò sì tíì ju nǹkan bí 150°C lọ tí yóò fi yọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé orí ni ọ̀pọ̀ okùn ti ń já.

Mú èyí tó já, gbé e sójú oòrùn, wò ó dáadáa. Bí ẹnu rẹ̀ bá le gbandi, tó ń dán bíi pé iná rà á, ooru ìfarakanra ló já a. Bó bá hu irun, àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, ẹrù ló pọ̀ jù tàbí kí eruku ti jẹ ẹ́ látinú. Bó bá wá mọ́ bíi pé abẹ ló gé e, nǹkan mímú ló bá pàdé: ẹnu páànù, òkúta yangí, ìgò. Mo fura pé tìrẹ jẹ́ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì nítorí ibi tó ti já.

Nǹkan tí o máa ṣe nìyí. Tú kókó yẹn. Gé okùn iwájú méjèèjì kí wọ́n dọ́gba, kí o sì gé iye kan náà kúrò lára ti bírèkì méjèèjì. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà kúrò nínú mítà 20 kò ṣe káìtì ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni kí o tún orí wọn ṣe pẹ̀lú ìbòrí. Okùn tó bá já láàárín kì í ṣe èyí tí a ń so pọ̀. Òmíràn ni kí a rà. Kíyè sí kókó kékeré tó bá ta fúnra rẹ̀ láàárín okùn nígbà tí o ń tú u kúrò lára háńdù. Jókòó, fi abẹ́rẹ́ tú u kí o tó gbé káìtì sókè. Bó bá ti fún mọ́ra tó fi kọ̀ láti tú, okùn yẹn ti bàjẹ́.

Láti mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba, gbá èèkàn kan mọ́lẹ̀, fi orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ, kí o wá lọ sí òdìkejì. Fa méjì iwájú pọ̀ ní ìfà kan náà, wo ẹnu wọn. Bí ìyàtọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, tún un ṣe. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún bírèkì. Okùn iwájú máa ń nà nítorí òun ló ń ru ẹrù, ti bírèkì sì máa ń sún kì bí eruku bá ti kún inú rẹ̀. Nígbà tó bá pẹ́, bírèkì á máa fà láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án, káìtì á máa rẹ̀yìn ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí okùn kékeré tó wà lára háńdù ní kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o lè máa sún ojóbó láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Okùn tuntun ní tirẹ̀, na án kí o tó wọ̀n ọ́n: so ó mọ́ igi, fi ara rẹ tì í sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Ní tọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọyẹ́ ni ọ̀tá okùn. Eruku tó ń bọ̀ láti òkè ọya tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wọ àárín fọ́nrán. Ní gbogbo ìgbà tí okùn bá le tó sì dẹ̀, eruku yẹn ń họ ọ́ nínú, ojú kò sì rí i. Bí ìgbà ọyẹ́ bá ti ń lọ, máa rẹ okùn sínú korobá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú bí o ṣe ká a, má fi ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i. Pààrọ̀ omi títí tí kò fi ní pọ́n mọ́, kí o sá a sí ibòji. Lórí pápá, má wọ́ okùn nílẹ̀. Pòpòrò àgbàdo tí wọ́n gé kù àti ẹ̀gún máa ń hú fọ́nrán rẹ̀ jáde. Ìwọ ni kí o máa rìn sẹ́yìn, kí okùn máa tú sílẹ̀ bí o ṣe ń lọ.

Ti ìwọ̀n okùn: 150 kéré fún 3 m² ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbá lójijì. Fi 200 sí iwájú, 100 sí bírèkì. Rántí pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ìfà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin: láti mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 10, ìfà 20 kílò ti di 80. Má sì gbé káìtì dìde láti àárín gbùngbùn ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ nígbà tí okùn ṣì dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o ti gbé e, okùn ti ní láti le díẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Ìjá lójijì yẹn ló ń parí iṣẹ́ tí kókó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá pọ̀ lórí pápá, ẹ má jẹ́ kí okùn yín ré ara wọn kọjá. Bí okùn tó ń sáré bá fi ojú kan ṣoṣo gun orí èyí tó dúró, kò gba àkókò tó fi máa jó o já. Èyí tó jẹ́ nylon kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ Dyneema rárá.

Ìyá Aránṣọ, Ọ̀fà:
Ẹ kú àlàyé. Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ti orí okùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìkánjú ṣe é.

Ìbòrí ni okùn poliẹ́sítà híhun tó ní ihò nínú. Gé e ní 30 cm, fi iná rọra ra ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó má tú, kí ihò má sì dí. Kí o ti ṣe èyí kí Dyneema tó wọ inú rẹ̀, torí iná tó tó fún poliẹ́sítà ti pọ̀ jù fún Dyneema. Tẹ wáyà tín-ín-rín ní ìlọ́po méjì, tì í gba inú ìbòrí já, fi fa okùn wọlé títí tí ẹnu rẹ̀ á fi yọ bíi 1 cm. Ta kókó kékeré tó máa mú okùn àti ìbòrí pọ̀ ní ẹnu yẹn, kó má baà yọ̀ padà. Ṣẹ́ ẹ po kí ojú rẹ̀ tó 8 cm, ta kókó sí ìdí rẹ̀, fi omi rin ín, fà á le díẹ̀díẹ̀. Ìbòrí yìí ló ń mú kí igun kókó fẹ̀, tí okùn inú kò fi ṣẹ́.

Àwọn tó bá fẹ́ràn rírán ju kókó lọ, ẹ fi òwú poliẹ́sítà rán an ní sígísáàgì, 5 cm ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó ni kí ẹ lò, irú èyí tí a fi ń rán aṣọ tó ń nà. Abẹ́rẹ́ ẹnu mímú ń gé fọ́nrán dípò kó gba àárín wọn.

Sísọ́ọ̀sì kì í gé Dyneema dáadáa. Wé sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tí o fẹ́ gé, fi abẹ tuntun gé e lórí pákó. Ìbòrí pupa ni kí o fi sí okùn apá òsì, kí o má baà so wọ́n ní ìdàkejì.

Alfa Ìdí-Àpé:
Àsàlámù àlékúmù. Ẹ̀gbọ́n ti tán ọ̀rọ̀ okùn. Ẹ jẹ́ kí n bá arákùnrin sọ ti ìtúsílẹ̀, torí ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún un léwu.

Ti okùn tí kò lágbára: bí okùn iwájú kan bá já, káìtì kì í kú. Èyí tó kù ṣì dì í mú, á wá máa yí bírí-bírí lójú kan náà, gbogbo ìgbà tó bá sì gba àárín afẹ́fẹ́ kọjá ló ń fà yín le sí i. Ohun kan ló ń pa agbára káìtì olókùn mẹ́rin: kí okùn iwájú méjèèjì dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí bírèkì méjèèjì sì di etí ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Á ká, á já wálẹ̀ wẹ́rẹ́, á dùbúlẹ̀.

Iṣẹ́ okùn ọrùn-ọwọ́ nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní kite killer. Ìdí okùn bírèkì ni kí ẹ so ó mọ́, níbi tí bírèkì ti jáde ní ìsàlẹ̀ háńdù. Tí ẹ bá so ó mọ́ òkè háńdù tàbí mọ́ okùn iwájú, ẹ ti so ara yín mọ́ agbára káìtì náà gan-an. Rọ́bà inú rẹ̀ yẹ kó gùn tó 30 sí 50 cm nígbà tí kò tíì nà. Ẹ yí ọwọ́ yín síwá sẹ́yìn bí ẹni ń darí káìtì: bó bá ń fa bírèkì, ó kúrú jù. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ dán an wò nínú afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́: ẹ gbé káìtì sókè, ẹ ju háńdù méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀. Tó bá ṣì ń fà, ẹ lọ wo ibi tí ẹ so ó mọ́.

Háànẹ́sì wá gba àkíyèsí. Okùn tó ń kọ́ háànẹ́sì máa ń lọ láti òkè háńdù kan sí òkè èkejì. Bí ẹ bá ju háńdù sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì kọ́ mọ́ ọn, okùn yẹn ṣì di ti iwájú mú, káìtì á máa fà yín lọ bíi pé ẹ kò ju nǹkan kan sílẹ̀. Háànẹ́sì ti sọ okùn ọrùn-ọwọ́ di asán nìyẹn. Ohun tó bá so ìgbànú yín mọ́ okùn náà gbọ́dọ̀ ṣeé tú pẹ̀lú ọwọ́ kan nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Karabíná kò ṣeé ṣí bí okùn bá ti le, ẹ má rà á fún èyí. Snap shackle, ìkọ́ tó ń ṣí bí a bá fa okùn rẹ̀, tàbí quick release tí wọ́n ń tì síwájú ni kí ẹ lò. Ìtẹ̀léra rẹ̀: ẹ tú háànẹ́sì, ẹ ju háńdù sílẹ̀, okùn ọrùn-ọwọ́ á ṣe ìyókù. Okùn ọrùn-ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣeé bọ́ kúrò, bí káìtì bá lọ há mọ́ ọkọ̀ tàbí igi.

Ẹni tó bá ń lo ọ̀pá dípò háńdù, kó wá èyí tí wọ́n kọ ISO 21853 sí lára. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 fún ìtúsílẹ̀ káìtì orí omi ni, ó sì wúlò lórí ilẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ so okùn mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó lágbára, ẹ fi háànẹ́sì rọ̀ mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ tú u. Ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì. Bó bá kọ̀ láti tú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má gbé e lọ sí pápá. Ẹ má fi òróró sí i lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á dì gbagidi. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣan án.

Nípa pápá yín: wáyà iná ńlá wà lágbègbè Gánmọ́. Ẹ jìnnà sí i, ẹ má sì ṣe é nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Bí káìtì bá kọ́ wáyà, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sá kúrò, kí ẹnikẹ́ni má fa okùn náà. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn gúúsù lè ń fẹ́ jẹ́jẹ́, kó dáké lójijì, kí ìjì òjò sì já bọ́ láti ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ ti kúrò lẹ́yìn yín wá síwájú yín nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tí òkè ìlà-oòrùn ṣú tí afẹ́fẹ́ sì dáké, ẹ sọ káìtì kalẹ̀ nígbà yẹn gan-an, ẹ má dúró de mànàmáná.

Ọmọ Tánkẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, Alfa. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n, àti Ìyá wa. Ṣé okùn ọrùn-ọwọ́ kan kò tó? Kí ni mo máa ṣe lẹ́yìn tí káìtì bá ti dùbúlẹ̀?

Alfa Ìdí-Àpé:
Méjì ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, bírèkì kan ṣoṣo ló ń fà, káìtì á máa yí kó tó kú, á sì lọ́ okùn pọ̀.

Bó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán fa okùn, Dyneema ń gé ẹran ara bí abẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ẹ di bírèkì nìkan mú, ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má fi ọwọ́ kan ti iwájú. Fífà á ló ń jí káìtì padà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ da erùpẹ̀ sí etí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ká okùn mọ́ háńdù.