Kíláàsì orin fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ l'Ádó: ẹ̀yin ará òkè òkun, báwo lẹ ṣe ń rí àwọn òbí?

Àǹtí Olùkọ́ (Adó-Èkìtì)

Ọmọ Èkìtì kete, mo kí gbogbo ilé o. Ẹ̀yin tí òtútù ń mú, ẹ kú òtútù.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé mo ti kúrò ní London, mo ti padà sílé. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ náà ni mo gbé wálé: kíláàsì orin fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọmọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀. Ìjọ kan ní Òkèṣà ti yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn fún mi láàárọ̀ Sátidé. Ẹní wà, ìlù wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Àwọn òbí ló kù.

Ohun tí àwọn ìyá kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Àǹtí, ṣé ẹ máa kọ́ wọn ní ABC?" Láti Bàsírì títí dé Ajílósùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí jẹ́lé-ó-sinmi tí kò kọ phonics, ìyẹn kíkọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà, sára ògiri. Ọmọ ọdún méjì ti ń gbé báàgì ìwé kọ́rùn. Tí mo bá ní orin la fẹ́ kọ, ijó la fẹ́ jó, wọ́n á ní ìyẹn wà nílé. Bẹ́ẹ̀, kò sí nílé mọ́. Fóònù ló wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí lọ́hùn-ún, báwo lẹ ṣe rí èèyàn kó jọ níbẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ti ṣe.

Ọmọ Ìkọ̀lé (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Àǹtí. Tèmi ò gùn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé ìléwọ́ yín pé orin máa ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ jí pépé. Ìwádìí ti wà lórí ẹ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ń gbọ́ orin Mozart, òyìnbó olórin ayé àtijọ́ yẹn, máa ń mọ ìwé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí òbí ilé bá ti gbọ́ "mọ ìwé", wọ́n á sáré wá.

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ sí èyí. Ọdún 1993 ni ìwádìí Mozart yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ní California ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ọmọ ọwọ́ kankan nínú wọn. Wọ́n gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n ṣe ìdánwò kan tí èèyàn á ti máa fọkàn yàwòrán bí bébà tí a ká tí a sì gé ṣe máa rí, wọ́n ṣe dáadáa sí i díẹ̀, kò sì pé bí ìṣẹ́jú 15 tí ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó fi dé orí pé lọ́dún 1998 Gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, Zell Miller, ní kí gbogbo ìyá tó bá bímọ gba àwo orin lọ sílé. Tí Àǹtí bá fi ìyẹn pe òbí, kò ní pẹ́ tí òbí á fi béèrè pé ọpọlọ náà dà. Ẹnu kan náà tó pe èèyàn wá ló máa lé wọn lọ.

Àǹtí, ohun tí òbí á fojú ara rẹ̀ rí ni kí ẹ ṣèlérí. Ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹlòmíì. Á pàtẹ́wọ́ bá ẹgbẹ́. Á gbé orin Yorùbá délé, ìyá náà á sì rí àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sí òbí tó máa sọ pé òun ò rí wọn.

Wàyí o, bí tèmi ṣe kún. Àwọn ìyá àgbà ni. Ẹ mọ̀ pé tí ọmọ bá bímọ níbí, màmá á wá láti Ìjerò, láti Ìdó, láti Ọ̀mùò, wọ́n á wá wẹ ọmọ. Tí ìyá ọmọ bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú fèrèsé ni màmá á jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ bá wọn lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi gbé ọmọ-ọmọ wọn wá sí gbọ̀ngàn. Mi ò ní kí wọ́n wá kọ́ni. Lọ́jọ́ kan màmá kan kàn dá orin ìrẹmọ sílẹ̀ fúnra wọn, orin tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà, gbogbo ọmọ dákẹ́. Àwọn ìyá tó kù yọ fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí WhatsApp gbogbo èèyàn. Láti ìgbà yẹn mi ò wá èèyàn mọ́.

Ibòmíì tó bá mi ṣe é ni àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń bẹ ìyá ọlọ́mọ wò nílé, àwọn tí wọ́n ń pè ní health visitor. Ìyá tó bá ń dá wà ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀. Ilé ìkàwé náà ti ń ṣe wákàtí orin fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo kàn ní kí wọ́n fún mi ní àyè kékeré nínú rẹ̀ kí n kọ orin Yorùbá. Obìnrin tó ń ta gaàrí àti ẹ̀lùbọ́ ní Harehills, ní Leeds níbí, náà ń fi ìwé ìléwọ́ wa sínú àpò ọjà. Owó tí mo ná sórí Facebook ò mú ohun tó jọ ìwọ̀nyí wá.

Ẹ̀yin tó wà ní England tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé kí ẹ tó lẹ pósítà. DBS, ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ṣe kókó. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ kì í san owó ìjọba lórí rẹ̀, àmọ́ àjọ tó bá yín fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́. Scotland ní tiwọn, PVG ni. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó máa gbà yín tí ọmọ bá ṣubú nínú gbọ̀ngàn. Owó National Lottery, èyí tí wọ́n ń pè ní Awards for All, láti £300 dé £20,000 ni, ẹgbẹ́ kékeré lè gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́, àti àkáǹtì báńkì tí ó kéré tán èèyàn méjì tí kò bá ara wọn tan ń buwọ́ lù. Tọkọtaya ò kúnjú ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ni ìyẹn ń dá padà.

Bàbá Wálé-Wàá (Manchester)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti àwọn màmá. Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò wọ UK kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ tí wọn ò sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni tí òfin gbà fún wọn kò ju ọjọ́ 30 lọ lápapọ̀, àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ nìkan sì ni wọ́n lè ṣe é fún. Nítorí náà, kí màmá wá gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ọmọ, kí wọ́n kọrin bí ìyá àgbà ṣe ń kọrin fún ọmọ. Ẹ má fi fọ́tò wọn sórí pósítà pé olùkọ́ ni wọ́n, ẹ má sì fún wọn lówó.

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ṣe é, Bàbá. Ẹ kú àmójútó.

Ọmọ Ọ̀yé (Toronto)

Fún àwa ti Ontario: ẹ má háyà gbọ̀ngàn rárá. Ẹ lọ sí EarlyON, ibùdó àwọn ọmọdé àti òbí wọn, tó bá sún mọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún mẹ́fà, ẹní wà níbẹ̀, ohun ìṣeré wà, àwọn òbí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe sọ fún wọn pé mo fẹ́ máa wá kọ orin Yorùbá, ìwé àyẹ̀wò ọlọ́pàá fún ẹni tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ ni wọ́n béèrè, wọ́n sì fún mi láyè. Àwọn ọmọ Ṣáínà àti ọmọ India ń bá wa pàtẹ́wọ́. Ìṣòro tèmi ni orin. Èyí tí mo mọ̀ ti tán.

Àǹtí Olùkọ́ (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ni ojú mi là sí nǹkan tó wà níwájú mi. Níbí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ibùdó ìlera, kí wọ́n tó gún ọmọ kankan, nọ́ọ̀sì á dá orin, gbogbo ìyá á gbè é, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jó. Orin nípa ọmú fífún lọ́mọ, orin nípa ìmọ́tótó. Kíláàsì orin ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́. Màá lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì kí wọ́n jẹ́ kí n dá orin méjì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí n sì sọ ti Sátidé fún wọn. Ìyá tó ti jó níbẹ̀ ò ní bi mí pé ABC dà.

Ti ìyá àgbà náà, wọn ò ṣọ̀wọ́n nílé níbí. Ìjọ ni mo ti ń wá wọn, mi ò ronú kan àwọn ìyá Àsàlátù rárá, bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọmọ tiwọn náà pọ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Òbí méjì ti sọ fún mi pé ìlù tí mo kó jọ jọ ti àwọn abọ̀rìṣà. Kí ni ẹ máa ń sọ?

Bàbá Onílù (Baltimore)

Ẹ má bá wọn jiyàn, Àǹtí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń lu gángan nílé ìjọsìn wọn lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n á rántí fúnra wọn. Tí ọkàn wọn ò bá tíì balẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó lẹ́yìn, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ohun tí ẹ máa kì sí ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹnu ló fi ń mọ nǹkan. Òwú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè já, kí ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n sílẹ̀, kí ọmọ gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí àgbà di ti gidi mú, kí ẹ fi ìrẹsì sínú ike omi kékeré fún àwọn ọmọ, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ wá fi tépù wé e. Ẹ wá páálí róbótó tí wọ́n ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ yẹn. Ìlù náà, ẹ má fi kọ̀ǹgọ́ lu ìyáàlù nínú gbọ̀ngàn oníbúlọ́ọ̀kù tí ọmọ ọwọ́ wà. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí wọn. Àkúbà tí ẹ máa rọra fọwọ́ lù ti tó.

Ẹ má sì túmọ̀ orin òyìnbó fún wọn. Dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé, torí pé ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Tí ohùn orin bá ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ tí Yorùbá ò tíì dá lẹ́nu á gbọ́ nǹkan míì. Wàhálà tó bá àwọn orin ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ nìyẹn. Zoltán Kodály, olórin àti olùkọ́ orin ará Hungary tó kú lọ́dún 1967, gbà pé orin ìbílẹ̀ tó wà ní èdè abínibí ọmọ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e dé orin ilẹ̀ mìíràn. Tiwa tilẹ̀ tún dùn sí i. Àwọn onímọ̀ orin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa ń fi ohùn méjì tó ń rìn pọ̀ kọrin, níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti máa ń fi ohùn kan kọ tiwọn. Ẹ má kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní ohùn kejì o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá máa gbé e. Etí ọmọ á gbà á.

Tí ẹ bá rí ìyá alámọ̀ kan, àwọn tó ń kọ orin ìbílẹ̀ Èkìtì yẹn, tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ pè é wá, kódà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èyí wà lọ́kàn mi gan-an. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ orí fóònù nìkan ni àwọn ọmọ Adó á ti máa gbọ́ alámọ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé (Houston)

Mo ti gba ti Mozart, Ìyá Ìbejì. Àǹtí, èmi máa ra ẹní tó nípọn ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ má bàa jókòó lórí símẹ́ǹtì. Ẹ fi bí gbọ̀ngàn náà ṣe fẹ̀ tó ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ Ọ̀yé (Toronto)

Àǹtí, ẹ bá wa ká orin àwọn ìyá àgbà yẹn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu lásán, kí wọ́n tó kọ ọ́, torí àwa tí a bí síbí ò gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́ (Adó-Èkìtì)

Màá ṣe bẹ́ẹ̀. Màá kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu màmá kọ̀ọ̀kan, màá sọ fún wọn pé orin náà ń lọ sí Toronto àti Leeds, mi ò sì ní ya ojú ọmọ kankan láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà. Ohùn nìkan ni màá fi ránṣẹ́. Mo ń lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ́la. Ẹ̀gbọ́n Houston, màá fi tépù wọn gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn kíláàsì Sátidé, màá sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín.