Re: Ààtàn ìkarahun àbí òkìtì ìkarahun, èwo la fẹ́ mú?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú àríyànjiyàn o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń bára yín fà láti àná lórí orúkọ tá a máa fún àwọn ìkarahun àtijọ́ tó gá jọ létí òkun, tí àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń lọ wà. Ẹ̀gbọ́n wa l'Ébùúté Mẹ́tta ní "ààtàn ìkarahun" ni ká pè é torí pé àjẹkù ni, àǹtí wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní rárá o, "òkìtì" ti tó, ààtàn ń rùn létí òun. Lójú tèmi ẹ̀yin méjèèjì lẹ sáré jù, torí kéèyàn tó lè fẹnu pe nǹkan yẹn ní ààtàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ erùpẹ̀ tó wà láàárín ìkarahun wò.

Ìdí ni pé kì í ṣe èèyàn nìkan, ìgbì òkun náà máa ń kó ìkarahun jọ. Yanrìn tí wọ́n ń fà látinú ọ̀sà wá sánfíìlì káàkiri Èkó ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ló jẹ ìkarahun tó wà nínú ẹ̀ ni? Èyí tí omi kó jọ, etí wọn á ti jẹ, ńlá àti kékeré á dà pọ̀, títí kan ọmọ wẹ́wẹ́ tí ò sẹ́ni tó máa fi se ọbẹ̀. Èyí téèyàn jẹ kù, àwọn tó tóbi ló máa pọ̀ níbẹ̀, èédú, eérú, eegun ẹja àti àpáàdì á sì wà láàárín ẹ̀. Ti ìṣáwùrú tiẹ̀ tún wá rọrùn, àwọn tó ń sè é máa ń gé ṣóńṣó ìdí ẹ̀ kẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè fa ẹran ẹ̀ mu, ìgbì ò sì ní ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Erùpẹ̀ fúnra ẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Fọ́sífeètì, èròjà kan tó máa ń wà nínú erùpẹ̀, máa ń pọ̀ níbi téèyàn ti gbé, torí eegun, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí, ibi tí wọ́n sì ti dáná, ẹ̀rọ tó ń wo agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú erùpẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi gọ́ọ̀mù di erùpẹ̀ náà kó lè le, wọ́n á gé e, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi fẹ́lẹ́ dé 0.03 mílímítà, kí wọ́n tó fi maikirosíkópù wò ó.

Irú ìjà yìí gan-an ni wọ́n jà ní Dẹ́ńmáàkì. Àwọn kan rò pé etíkun àtijọ́ ni òkìtì ìkarahun tó wà níbẹ̀, àfìgbà tí ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1848, Worsaae awalẹ̀pìtàn, Steenstrup onímọ̀ ẹranko àti Forchhammer onímọ̀ òkúta, rí i pé àjẹkù ni, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní køkkenmødding, ààtàn ilé ìdáná. Àwọn Tupi, ọmọ onílẹ̀ ní Bràsíìlì, ò wádìí ẹni tó jẹ ẹ́ ní tiwọn, òkìtì ìkarahun lásán ni sambaqui, orúkọ tó wá látinú èdè wọn, túmọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe sí ti Saloum, agbègbè ẹnu odò kan ní Sẹ̀nẹ̀gà? Òkìtì 218 ló wà níbẹ̀, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2011, wọ́n sì sin òkú sí 28 nínú wọn. Tá a bá pe ìyẹn ní ààtàn, ohun tá à ń sọ ni pé wọ́n gbé bàbá wọn lọ sin sórí ààtàn, ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní bínú!

Nítorí náà, kí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́ òkìtì ìkarahun títí àyẹ̀wò á fi jáde, èyí tí erùpẹ̀ bá jẹ́rìí sí nìkan ni kó gba ààtàn.

Ó wá ku "sẹ́dímẹ̀ǹtì", orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe irú erùpẹ̀ tó wà láàárín ìkarahun yẹn. Ẹnì kan ní ká pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ bu erùpẹ̀ sínú ìgò, ẹ bomi sí i, ẹ mì í dáadáa, yanrìn á rì kíákíá, ẹrẹ̀ tó kúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á ṣì máa da omi rú di ọjọ́ kejì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ eérú tí ìyá kan kó dànù látìdí ààrò ò bá omi wá, atẹ́gùn ló sì gbé yanrìn míì débẹ̀. Èyí tó bá silẹ̀ látinú omi ni kó máa jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ká pe ìyókù ní erùpẹ̀ àárín, kí iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò sì jẹ́ àyẹ̀wò erùpẹ̀, "ìtúpalẹ̀" tí wọ́n fẹ́ ká máa pe iṣẹ́ ọ̀hún ti gùn jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ wa jọ, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o, àǹtí ò tíì fèsì lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní gbà bọ̀rọ̀.