Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: sítóòfù inú narrowboat

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó ń gbé orí omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi sítóòfù tó ń lo igi àti èédú sínú narrowboat wa, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tóóró tí à ń gbé inú rẹ̀, kí òtútù tó dé. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde látinú iná, ló ń já mi láyà jù: kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì lè pa èèyàn sójú oorun. A ti ra aláàmù rẹ̀ tó ní àmì EN 50291-2, irú èyí tó wà fún ọkọ̀ ojú omi.

Mo ti ka BS 8511, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fífi irú sítóòfù yìí sínú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Ògiri ni ìṣòro mi. Pákó ló bo irin ọkọ̀ nínú, àyè kò sì tó. Ṣé kí n yọ pákó ẹ̀yìn sítóòfù kúrò pátápátá, kí n fi bọ́ọ̀dù tí iná kì í jó rọ́pò rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá? Táìlì tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ pákó kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ooru máa ń là á kọjá.

Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fi dí ibi tí páìpù èéfín ti yọ lórí òrùlé, tí òjò ò fi wọlé?